Tí ẹnu bá kú lẹ́yìn abẹ́rẹ́ dókítà eyín: bí ẹ ṣe máa tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi jí

Ẹnu tó kú nítorí abẹ́rẹ́ dókítà eyín máa ń jí fúnra rẹ̀. Kò sí àgbo, kò sí tíì gbígbóná, kò sí ìpara kan tó lè lé e lọ kíákíá. Ohun tó lè dín wákàtí rẹ̀ kù ní ti gidi, kí abẹ́rẹ́ tó wọlé ló ti yẹ kéèyàn sọ ọ́. Tó bá ti wọlé, ìṣọ́ ló kù: kéèyàn máa ṣọ́ ara rẹ̀ kó má baà fi eyín jẹ ètè ara rẹ̀ láìmọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe eyín ní ìgboro Ìlọrin ló jẹ́ pé Ọ̀fà, Òmù-Àrán tàbí Ìgbàjà ni wọ́n ti wá, wọ́n á sì tún wọ mọ́tò padà lọ́jọ́ yẹn kan náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ti kú, ìlérí oúnjẹ á wà nílé, ìrìn àjò á sì wà láàárín méjèèjì. Àwọn yẹn ni mo ní lọ́kàn jù bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fún yín

Oògùn tí wọ́n ń lò jù ni lignocaine, òun náà ni wọ́n ń pè ní lidocaine. Nils Löfgren, ará Sweden, ló ṣe é ní 1943, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1948. Iṣan tó ń gbé ìrora láti eyín lọ sí ọpọlọ ní ẹnu ọ̀nà tí èròjà sodium ń gbà wọlé kí ìròyìn tó lè kọjá. Lignocaine á dí ẹnu ọ̀nà yẹn. Iṣan náà ò bàjẹ́ o, ó kàn dákẹ́ ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣe ń gbé oògùn náà kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ẹ̀dọ̀ ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, bẹ́ẹ̀ ni iṣan á máa jí.

Àmọ́ wọ́n sábà máa ń po adrenaline mọ́ ọn. Adrenaline máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ pọ̀, kí oògùn má tètè bá ẹ̀jẹ̀ lọ, kí ẹ̀jẹ̀ má sì dà jù. Òun ni eyín fi lè dákẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí kan kí dókítà ráyè ṣiṣẹ́. Òun náà ni ètè àti ahọ́n fi lè kú fún wákàtí 3 sí 5. Eyín ló ń kọ́kọ́ jí, ètè ló ń jí kẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí ibi tí wọ́n ṣe fi lè ti máa ro èèyàn nígbà tí ètè ò tíì mọ nǹkan kan.

Ibi tí abẹ́rẹ́ gbà wọlé náà ní tirẹ̀. Fún eyín òkè, ìdí eyín yẹn gan-an ni wọ́n sábà máa ń gún, ó sì máa ń tètè lọ. Fún eyín inú lọ́hùn-ún ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀, wọ́n á gún un sẹ́yìn, níbi tí iṣan ńlá gbà wọnú egungun, ìdajì ètè ìsàlẹ̀, àgbọ̀n àti ahọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan á sì kú pọ̀. Tí oògùn náà bá jẹ́ bupivacaine, tí wọ́n máa ń lò fún iṣẹ́ abẹ tó le, ó lè tó wákàtí 12 kó tó jí tán. Torí náà, kí ẹ tó kúrò lórí àga, ẹ béèrè orúkọ oògùn náà, ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín pẹ̀lú aago tí wọ́n gún un. Láìsí aago yẹn, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ó ti pẹ́ jù tàbí kò tíì pẹ́.

Àwọn èèyàn á tún sọ fún yín pé kí ẹ mu omi púpọ̀ kí oògùn náà lè bá ìtọ̀ jáde. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, omi ò lè bá a yára.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ sọ kí wọ́n tó gún yín

Ibí yìí ni agbára wà lọ́wọ́ yín jù, ibẹ̀ náà ló sì ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu pé àwọn lè sọ̀rọ̀. Olùkọ́ tó máa wọ kíláàsì lọ́sàn-án, Àfáà tó máa ṣe wáàsí lẹ́yìn Àsárì, ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò, kí irú wọn sọ fún dókítà ṣáájú. Tí iṣẹ́ náà bá kéré, dókítà lè lo èyí tí kò ní adrenaline. Mepivacaine tí kò ní adrenaline, fún àpẹẹrẹ, wákàtí 2 sí 3 ni ètè fi ń kú. Lignocaine tí kò ní adrenaline tún yá ju ìyẹn lọ, àmọ́ eyín fúnra rẹ̀ lè jí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ò tíì parí. Ẹ má fi dandan mú dókítà lórí èyí. Kí ètè kú fún wákàtí mẹ́rin sàn ju kí eyín jí lábẹ́ ẹ̀rọ lọ.

Bákan náà, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kó sì dárúkọ gbogbo oògùn tó ń lò, torí adrenaline.

Oògùn kan wà tó ń jí ẹnu padà. Phentolamine ni orúkọ rẹ̀, OraVerse ni orúkọ tí wọ́n fi ń tà á, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 2008. Ó máa ń ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ tí adrenaline fún pọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè tètè gbé lignocaine lọ. Nínú ìdánwò tí wọ́n fi gbà á wọlé, ìdajì àwọn tó gbà á ló ti mọ ètè ìsàlẹ̀ wọn padà láàárín ìṣẹ́jú 70, nígbà tó gba ìṣẹ́jú 155 fún ìdajì àwọn tí kò gbà á. Fún ètè òkè, ìṣẹ́jú 50 ni, tàwọn yòókù jẹ́ 133. Abẹ́rẹ́ lòun náà, ibi tí wọ́n ti gún ti àkọ́kọ́ ni wọ́n á sì tún gún. Dókítà nìkan ló ń fúnni, lẹ́yìn iṣẹ́ bíi dídí ihò eyín tàbí fífọ eyín, kì í ṣe lẹ́yìn eyín yíyọ tó jẹ́ pé kíkú ẹnu náà ń ṣe èèyàn lóore. Ó lè mú kí ọkàn sáré, kí ẹ̀jẹ̀ lọ sókè tàbí sódò. Ẹ béèrè fún un lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gba àkókò, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá ti wà lórí àga.

Aago tí ẹ mú náà ṣe pàtàkì, pàápàá nínú oṣù Ramadan. Ẹni tí wọ́n bá gún ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹnu rẹ̀ lè ṣì kú nígbà tí wọ́n bá pe Mọ̀ńgáríbì, kókó gbígbóná àti àkàrà á sì ti wà níwájú rẹ̀. Ibẹ̀ lahọ́n ti ń jóná. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ mú, tàbí kí ẹ sún un síwájú tí kì í bá ṣe ohun pàjáwìrì. Bóyá abẹ́rẹ́ náà ba ààwẹ̀ jẹ́ tàbí kò bà á jẹ́, Àfáà yín ni kí ẹ bi, kì í ṣe dókítà.

Wákàtí àkọ́kọ́

Ẹ ó rò pé ètè yín ti wú, pé gbogbo ayé ń wò yín. Ẹ wo díńgí lẹ́ẹ̀kan kí ọkàn yín lè balẹ̀, kò wú. Ọpọlọ ni kò gbọ́ ohùn ètè mọ́ tó fi rò pé ó tóbi. Omi ẹnu lè máa dà sí àgbọ̀n láìmọ̀, ẹ mú ìnujú mímọ́ dání. Ẹ máa wo ìnujú yẹn náà. Àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ tó bá ń pọ̀ sí i níbẹ̀ lè jẹ́ àmì pé ẹ ti fi eyín gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ nínú.

Tí ẹ bá ń wọ mọ́tò láti gáréèjì Màràbà tàbí tí ẹ bá ń gun ọ̀kadà, ẹ pa ẹnu dé láì fi eyín kan eyín, kí ahọ́n dùbúlẹ̀ síwájú. Ojú ọ̀nà wa ní kòtò, ìfò kan ṣoṣo ti tó láti gé ahọ́n. Ẹ má jẹ obì, ẹ má jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ẹ má fi pákò họ eyín, ẹ má mu sìgá.

Fún eyín tí wọ́n yọ, òwú tí wọ́n fi síbẹ̀ ni kí ẹ fi eyín mú ṣinṣin fún àkókò tí wọ́n sọ, ó sábà máa ń jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Ẹ rí i dájú pé òwú nìkan ni eyín ń mú, kì í ṣe ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ṣé ẹ lè mú un yá nílé?

Díẹ̀, ó sì dúró lórí ohun tí wọ́n ṣe fún yín.

Tó bá jẹ́ ihò eyín ni wọ́n dí tàbí wọ́n fọ eyín, ẹ lè rìn díẹ̀ ládùúgbò, ẹ lè fi aṣọ tí wọ́n rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti ìta, ẹ sì lè rọra fi ìka ra ètè láti ìta pẹ̀lú. Ohun tí gbogbo èyí ń wá ni ohun tí phentolamine ń ṣe, pé kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn níbẹ̀ dáadáa. Agbára wọn kéré. Bí ó bá dín ìṣẹ́jú díẹ̀ kù, ó ti ṣe gbogbo èyí tó lè ṣe. Ẹ fi aṣọ náà kan ọwọ́ tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì tí kò kú kí ẹ tó gbé e lé èyí tó kú, nítorí awọ tó kú ò ní sọ fún yín pé òun ń jóná.

Tó bá jẹ́ eyín ni wọ́n yọ, ẹ fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ihò eyín náà ni ọgbẹ́ fi ń jinná, ooru, ìfọwọ́ra àti iṣẹ́ agbára lè tún un ṣàn. Ẹ má fi omi yọ ẹnu fún wákàtí 24, ẹ má tutọ́ pẹ̀lú agbára, ẹ má fi sítúróò mu nǹkan. Àlùwàlá ńkọ́? Ìbéèrè gidi nìyẹn ní Ìlọrin. Ní ọ̀nà Máliki tí àwa níbí ń tọ̀, sunnah ni yíyọ ẹnu nínú àlùwàlá, kì í ṣe ọ̀ranyàn. Ẹ bi Àfáà yín bí ẹ ṣe máa ṣe é lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ọgbẹ́ tútù wà níbẹ̀.

Ní báyìí, àwọn nǹkan tí mi ò fẹ́ gbọ́ pé ẹ ṣe. Kànáfùrù ló ṣáájú. Àwọn èèyàn á jẹ ẹ́ lẹ́nu torí pé oògùn eyín ni, wọ́n ò mọ̀ pé òróró inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń pa ẹnu kú. Ògógóró ń jó ara tí kò mọ̀ pé ó ń jóná. Àbọ̀níkí kò yẹ fún inú ẹnu rárá. Fífi ata jí ẹnu, àbùkù ni fún ata. Ásípírínì tí wọ́n máa ń ki bọ ìdí eyín máa ń bó ẹran ibẹ̀ funfun báláú. Ásípírínì gbígbé mì pàápàá ń mú ẹ̀jẹ̀ dà, nítorí náà ẹ má fi í pa ìrora eyín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ẹni tí dókítà ọkàn ní kó máa lò ó lójoojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀ o.

Àwọn ọmọdé

Bí àgbàlagbà bá gé ètè jẹ, àṣìṣe ni. Ọmọdé ń ṣe é pẹ̀lú ìfẹ́ inú rẹ̀. Ó rí nǹkan rọ̀bọ̀tọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀ tí kò dùn ún, ó wá ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Nígbà tó bá fi máa jí, ètè ti lu.

Kí ẹ tó jáde nílé ìtọ́jú, ẹ sọ fún un pé ètè náà sùn, a kì í jẹ ẹni tó ń sùn. Ọmọ ọdún márùn-ún gbọ́ ìyẹn ju àlàyé oògùn lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ má jẹ́ kó kúrò lójú yín títí ètè fi jí. Ẹ má rán an lọ sí ilé kéwú lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àfáà ní ogójì ọmọ níwájú, kò lè máa wo ètè ọmọ kan. Ẹ má jẹ́ kó sùn ní wákàtí àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn tó bá ṣeé ṣe, torí ọmọ tó ń sùn lè máa jẹ ètè lọ. Tó bá ti dàgbà díẹ̀ tó sì gbọ́ràn, dókítà lè fi òwú róbótó sáàárín eyín àti ètè kó má lè gé e. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi òwú yẹn sílẹ̀ tó bá ń tòògbé. Wàrà, àkàrà, súyà, kò sí ìkankan tó gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀ títí ètè á fi jí. Omi tútù díẹ̀díẹ̀ nínú ife ti tó.

Tó bá ti gé e jẹ tán ńkọ́? Lọ́jọ́ kejì ètè á wú, ẹ ó sì rí àbàwọ́n funfun tàbí èyí tó jọ yẹ́lò lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń rò pé ọyún ni, tí wọ́n á sì sáré ra antibáótíìkì ní kẹ́mísì. Bí ọgbẹ́ inú ẹnu ṣe máa ń rí nígbà tó bá ń jinná nìyẹn. Ẹ gbé píọ́ wọ́tà dídì sínú aṣọ, ẹ fi lé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ètè bá ti jí. Ẹ fi fásílínì ra ìta ètè kó má gbẹ, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ọmọ tó lè tutọ́ lè fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́ yọ ẹnu, ìdajì ṣíbí tíì nínú ife omi kan, àyàfi tó bá jẹ́ pé wọ́n yọ eyín lọ́jọ́ náà. Á jinná láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ohun tó yẹ kó gbé yín padà sọ́dọ̀ dókítà ni ibà, ìwúlé tó ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ kejì, tàbí ọyún gidi tó ń rùn.

Ìrora tó ń bọ̀, àti oúnjẹ

Ẹ má dúró de ìrora. Nígbà tí ètè bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣíríṣírí, ìmọ̀lára tó dà bí ìgbà tí èèyàn bá jẹ orín àta tán, ìgbà yẹn ni kí ẹ ti lo parasitámò. Àgbàlagbà lè lo 1000 mg, ìyẹn hóró méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500 mg, kò sì gbọ́dọ̀ ju 4000 mg lọ láàárín wákàtí 24. Kò dìgbà tí ẹ bá jẹun kí ẹ tó lò ó. Ibuprofen ń fẹ́ oúnjẹ nínú, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ikọ́ fée, àìsàn kíndìnrín tàbí tó lóyún kò gbọ́dọ̀ lò ó láìbéèrè. Tọmọdé, ìwọ̀n ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, ẹ wo ara ìgò tàbí kí ẹ bi dókítà.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti jí tó láti jẹun: ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi ìka kan ètè lápá tó kú, lẹ́yìn náà apá kejì. Bí méjèèjì bá rí bákan náà, ẹ fi ṣíbí bu omi tútù sẹ́nu. Bí ẹ bá mọ ibi tí omi náà dé gan-an, tí kò sì dà jáde, ẹ lè jẹun. Ẹ má fi eyín gé ètè láti dán an wò. Mo mọ̀ pé ó ń wuni ṣe, ẹ má ṣe é.

Kókó tó ti lọ́wọ́ọ́rọ́, wàrà tí kò ní ata, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì tàbí ọbẹ̀ lúrú tó ti rọ̀, ìyẹn dára fún oúnjẹ àkọ́kọ́. Ẹ fi apá kejì jẹ ẹ́. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó sì ti lo oògùn rẹ̀ láàárọ̀ kò lè fi ebi dúró wákàtí márùn-ún. Kó jẹun kó tó lọ, kó sì mú kókó tútù tàbí mílíìkì dání, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀.

Tí kò bá lọ, tàbí tí nǹkan míì bá bá a wá

Tí ojú kò bá pa dé, tí ẹnu sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kété lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àgbọ̀n ìsàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí oògùn ti kan iṣan tó ń darí ojú. Ó máa ń lọ láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ pe dókítà, ẹ fi ọwọ́ pa ìpéǹpéjú dé, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, ẹ má gun ọ̀kadà nínú eruku. Àmọ́ tí apá tàbí ẹsẹ̀ bá rọ pẹ̀lú rẹ̀, tàbí tí orí bá fọ́ gan-an, tàbí tí kò ní àsopọ̀ kankan pẹ̀lú ibi tí wọ́n gún, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lẹ́sẹ̀ kan náà, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀.

Ara tó ń sú, ọ̀fun tó ń wú, èémí tó ń há, pàjáwìrì ni, ẹ má lọ kẹ́mísì. Ọkàn tó sáré ìṣẹ́jú díẹ̀ kété lẹ́yìn abẹ́rẹ́, adrenaline ni, á rọlẹ̀.

Tí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹnu ṣì kú, ẹ pe ilé ìtọ́jú náà láàárọ̀ yẹn. Nígbà mìíràn, abẹ́rẹ́ tàbí iṣẹ́ yíyọ eyín, pàápàá eyín ìkẹyìn lápá ìsàlẹ̀, máa ń pa iṣan ahọ́n tàbí ti ètè lára. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa ń padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀, àmọ́ dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kó lè máa wọ̀n ọ́n. Hóró Vitamin B tí wọ́n máa ń tà fún yín ní kẹ́mísì kò gbapò àyẹ̀wò yẹn.

Ẹ ran dókítà lọ́wọ́ báyìí: ẹ jókòó síwájú díńgí, ẹ fi òwú fífẹ́lẹ́ kan àgbọ̀n láti ibi tó mọ̀ lọ síbi tí kò mọ̀, kí ẹnìkan fi bírò sàmì síbi tí ìmọ̀lára ti dúró, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí ibi tí kò mọ nǹkan náà bá ń súnkì, iṣan ń jí. Bí ó bá dúró sójú kan, tí ahọ́n kò mọ adùn mọ́, tàbí tí ibẹ̀ ń jó yín bí iná, ẹ ní kí dókítà kọ ìwé fún yín lọ sí ẹ̀ka eyín ní UITH, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin, lójú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́, kí ẹ sì mú fọ́tò wọ̀nyẹn, orúkọ oògùn náà àti aago tí ẹ kọ sínú fóònù dání.